Òòlù òjé tá a dà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó bá ti fi hámà onírin lu ẹnu ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ) rí, tó wá rí i pé ẹnu ẹ̀ ti fẹ̀, tí bẹ́ríǹ (òrùka irin tó ń jẹ́ kó yí geere) ò wọ̀ ọ́ mọ́, á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Èmi náà ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé Mushin. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ bú mi, wọ́n ní kí n jókòó fi fáìlì fá a, mo sì fá a títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kejì, wọ́n ní ká fi òjé ṣe òòlù tiwa, torí òjé rọ̀ ju irin lọ, kò ní ba ẹnu ṣáàfù jẹ́. A lọ bá fọganáísà ẹ̀gbẹ́ wa, a ṣa òjé bálánsì táyà, àwọn kéékèèké tí wọ́n ń kàn mọ́ rímù kí táyà má bàa gbọ̀n, èyí tó ti já dànù. Òjé ò lágídí, 327°C péré ló ti ń yọ́, iná èédú ká a. Àmọ́ ti ara rímù tòkúnbọ̀ ìsìnyí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, Yúróòpù ti ń yọ òjé kúrò lára mọ́tò láti 2005, síǹkì tàbí irin ló pọ̀ níbẹ̀. Síǹkì di 420°C kó tó yọ́, tẹ́ ò bá ti koná jù, orí òjé ló máa léfòó sí, ẹ fi ṣíbí àlòkù kó o dànù.

Agolo mílíìkì kékeré la fi ṣe mó̩ò̩dù tá a máa da òjé sí kó lè dì di orí òòlù, a jó ọ̀dà ara ẹ̀ kúrò, a ti páìpù tó máa jẹ́ èèkù òòlù gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, a sì ti lu ihò mélòó kan sára páìpù yẹn kí òjé lè wọnú ẹ̀ dì í mú, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ orí á fò yọ lọ́jọ́ kan. Amọ̀ la fi dí ẹ̀gbẹ́ páìpù. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Amọ̀ yẹn ò tíì gbẹ, èmi ń kánjú, bí mo ṣe da òjé sí i báyìí, pàù! Omi di ooru lójijì, òjé ta sókè, àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Látìgbà yẹn, orí iná la ti ń yan mó̩ò̩dù fúnra ẹ̀ kó gbẹ kanrin ká tó da nǹkan kan sí i.

Ẹ má fi ìkòkò ọbẹ̀ ṣe é, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àmàlà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà pa ọmọ tó lé ní 400. Bátìrì mọ́tò tí òjé wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fọ́ ọ rárá, ásíìdì nìkan ti tó wàhálà.

Tó bá dì tán, ẹ ya agolo kúrò. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2. Tójú ẹ̀ bá ti bàjẹ́, a dá a padà sínú iná ni, ìgbà kẹrin rèé tá a tún un dà, páìpù àkọ́kọ́ náà la ṣì ń lò.