Táyà olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi: ohun tí ojú mi rí

Ọdún kejì tí mo ra ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ mi ni mo gbọ́n ọgbọ́n kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi. Táyà iwájú méjèèjì ti dán. Ẹni tó ń ta táyà gbé oríṣi méjì síwájú mi, ọ̀kan olówó gọbọi, èkejì kò tó ìdajì iye rẹ̀. Mo wò wọ́n yíká: gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn rí roboto. Mo ra ti pọ́ọ́kú, mo fi owó tó ṣẹ́kù ra dísẹ́ẹ̀lì.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí ti ọwọ́ òsì fi bẹ́ lórí eré, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ọkọ̀ fà mí sápá òsì. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọkọ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé bí táyà iwájú bá bẹ́, n ò gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì pì, kí n di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, kí eré rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó yọ mí nìyẹn.

Ẹsẹ̀ iwájú ò ní ìkejì. Àwọn tẹ̀yìn, ìbejì ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á rù ú dé ibi tá a máa dúró sí, bí ò bá sáà jìnnà.

Ẹ̀rù wá gbé mi dé òdìkejì. Olówó gọbọi ni mo rà fún gbogbo ẹsẹ̀, títí dé tírélà tó ń kó òkúta nílé ìfọ́kúta. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Òkúta ò béèrè iye tá a ra táyà kó tó ya á, bẹ́ẹ̀ ni táyà tírélà máa ń wọ́ nílẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ nígbàkígbà tá a bá yí kọ́nà tó há.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kìlómítà sílẹ̀. Ká ní táyà pọ́ọ́kú jẹ́ 100, ó sì rin 80,000 kìlómítà. Olówó gọbọi jẹ́ 200, ó rin 130,000. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ti pọ́ọ́kú ló jẹ, torí 200 ì bá ra méjì tí yóò rin 160,000. Ṣùgbọ́n egungun táyà dáadáa, ìyẹn ara rẹ̀ tó ní wáyà nínú, kì í bá ojú rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ kú. Bí wọ́n bá fi 70 lẹ ojú tuntun mọ́ ọn, tó tún rin 110,000, 270 ti gbé wa dé 240,000. Iye owó kan náà lórí ti pọ́ọ́kú kò kọjá 216,000. Púpọ̀ nínú ti pọ́ọ́kú tí mo gbé lọ fún lílẹ̀ ni wọ́n dá padà fún mi pé egungun rẹ̀ ti lọ.

Àmọ́ mo ti fọwọ́ ara mi pa olówó gọbọi mẹ́rin. Dírẹ́bà mi máa ń fi irin gbá táyà, á ní ó dún dáadáa. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín dáadáa ṣì lè dún bí èyí tó kún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa gbóná, wáyà inú á bàjẹ́. Gééjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí táyà tutù. Ẹ má sì so ìbejì tí ojú ọ̀kan ga ju èkejì lọ pọ̀: èyí tó ga ló máa ru ẹrù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ẹ bá rí 156/150, 4,000 kìlógírámù ló lè gbé bó bá dá wà, 3,350 bó bá ní ìkejì. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Mo ti rí "tuntun" tó ti lo ọdún márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́dún tó kọjá tí owó ò tó, méjì péré ni mo rà lára olówó gọbọi, iwájú ni wọ́n lọ. Ti pọ́ọ́kú ló wà lẹ́sẹ̀ tírélà títí dòní, dírẹ́bà mi sì ń fi gééjì wò wọ́n láràárọ̀. Mo ti gba irin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.