Ìlù inú Ṣaworoidẹ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wo Ṣaworoidẹ tán ni, fíìmù Túndé Kèlání ti ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Ìlù inú rẹ̀ ṣì ń ró létí mi.

Nínú fíìmù náà, Lápìtẹ́ jọba ìlú Jogbo, ó kọ̀, kò gba gbẹ́rẹ́ ìmùlẹ̀. Bí ọba tí kò mulẹ̀ bá dé adé, tí wọ́n sì lu ìlù ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ló máa pa á. Ẹ wo Lágátà, sójà tó gbàjọba lọ́wọ́ Lápìtẹ́, bí ìlù ṣe dún tí adé wà lórí rẹ̀!

Ohun tó dùn mí ni Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Kò lè gbé ohùn ìlù. Bí onílù bá fún ọṣán, okùn awọ ara ìlù, pọ̀, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ta ló fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìyẹn?

Ẹ pa Gẹ̀ẹ́sì yẹn tì, ẹ fetí sí Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábá. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo ni ìlù ti mú yín nínú fíìmù náà?