Ara Màmá mi kò gbóná

Ọyẹ́ ti mú ní Kubwa fún bí ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí Màmá mi pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ni àbúrò wọn tó kú sí Jos, níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ ta aṣọ. Mo ní, "Màmá, èmi nìyí." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti palẹ̀ ìsọ̀ mọ́?"

Mo fọwọ́ kan ọrùn wọn, kò gbóná. Mo ti tẹmọ́mítà bọ̀ wọ́n lábíyá, 36.8 ló gbé wá. Ikọ́ wọn ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n lọ. Mo bá rò pé ogbó ló dé. Wọ́n kúkú ti pé ọdún 78. Ṣùgbọ́n ògì àárọ̀, wọn ò fẹnu kàn án títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Aládùúgbò wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló yà wá kí wọn, ló bá tẹjú mọ́ àyà wọn, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èémí 32 ní ìṣẹ́jú kan! Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà mí ju 20 lọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá ọkọ̀."

Otútù àyà ni. Ó ti gba ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún.

Mo bi dókítà pé otútù àyà wo ni kì í mú ara gbóná. Ó ní ara wa fúnra rẹ̀ ló ń dá iná yẹn láti fi bá kòkòrò jà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń ṣọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ń gbé kòkòrò mì. Bí apá wọn ò bá ká a mọ́, wọ́n á ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló ń dé ọpọlọ tí ara fi ń gbóná. Lára arúgbó, ìránṣẹ́ yìí lè má rinlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun á dé o, ṣùgbọ́n wọn kì í rìn tààrà mọ́. Wọ́n á máa ṣìnà kiri, wọ́n á sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró gan-an jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Kí ikọ́ tó le, kí ara tó gbóná, arúgbó ti lè máa sọ̀rọ̀ kátikàti.

Ohun tó dùn mí jù ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti 2014 ni Nàìjíríà ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní èyí tó ń dènà pneumococcus, kòkòrò tó sábà ń fa otútù àyà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó yẹ kí àgbàlagbà náà gbà á. Ẹ béèrè fún ti àwọn òbí yín.

Màmá lo ọjọ́ 9 lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní báyìí, kí n tó pa iná yàrá wọn lálẹ́, mo máa ń ka èémí wọn. Lánàá, 18 ni.