Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Glasgow, Etí Mi Ń Sáré Tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì

Kí bàálù wa tó balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, awakọ̀ bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa atẹ́gùn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú, mo sì gbọ́ ìdúpẹ́ ní ìparí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà láàrin wọn ni ọkùnrin náà gbé mì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, àwọn èrò kàn ń mi orí bí alángbá. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé awakọ̀ yìí kan náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn bí ó bá ń bá àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ sọ̀rọ̀. ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú, là á kalẹ̀ pé kí ọ̀rọ̀ orí rédíò má ju 100 ọ̀rọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ tó 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí wọ́n fi le koko bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì forí sọ ara wọn nínú kùrukùru ní pápákọ̀ òfurufú kan ní erékùṣù Tenerife, ènìyàn 583 sì bá a lọ. Oríṣiríṣi nǹkan ló fà á, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni pé ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ sọ gbólóhùn kan lórí rédíò nígbà tí ọkọ̀ wọn ti ń sáré láti gbéra, ẹni tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ sì gbà á sí pé wọ́n ṣì dúró sójú kan tí wọ́n ń retí àṣẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ń sọ, kì í sì í ṣe èdè abínibí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí gbígbéra kò ṣeé mẹ́nu bà lórí rédíò àyàfi nígbà tí wọ́n bá ń fún bàálù láṣẹ àtigbéra gan-an, tàbí tí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà padà. Ó wù mí kí wọ́n na irú òfin yìí dé ọ̀dọ̀ àwa tí a jókòó sẹ́yìn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ Màmá kan tó jẹ́ ìbátan wa ni mo dé sí. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí a ti jókòó, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá kejì, Màmá sì da ojú kọ mí.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ?"

"Rárá o, Màmá. Mo rò pé ẹ̀yin á gbọ́ ọ."

"Èmi kẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi jẹun nílùú yìí, ṣùgbọ́n tí eléyìí bá bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, àfi kí n wá ògbufọ̀."

Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà ń sọ ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush kó ọ̀pọ̀ ọmọ Jàmáíkà àti àwọn ará erékùṣù mìíràn wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dà pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ ará Lọ́ńdọ̀nù, mọ́ ti àwọn tó wá láti Áfíríkà àti Éṣíà, títí ó fi di èdè ọ̀dọ́ tí ọmọ òyìnbó pàápàá ń sọ ní àdúgbò. Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun inú rẹ̀ kò da Màmá láàmú tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí ó bá gbọ́ ọ̀kan, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, yóò sì béèrè. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti yí nídìí ló ń fìyà jẹ ẹ́. Bí ọmọ náà bá lo "bare", tí gbogbo wa kọ́ nílé ìwé pé ó jẹ mọ́ ìhòòhò, ohun tó pọ̀ rẹpẹtẹ ló ní lọ́kàn. "Sick" lẹ́nu rẹ̀ sì jẹ́ ohun tó dára gan-an. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í kanlẹ̀kùn. Yóò wọlé sí etí rẹ bí ojúlùmọ̀, ìwọ yóò gbà á, ọ̀rọ̀ yóò sì ti lọ jìnnà kí o tó fura pé ẹlòmíràn lo gbà sílé.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdó King's Cross lọ sí Newcastle. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń kéde nínú ọkọ̀ ló yé mi yékéyéké: Peterborough, York, Darlington, Durham, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àfìgbà tí ọkọ̀ dúró láàrin pápá tí ènìyàn gidi gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà ya lu wa bí òjò, ó sì dá. Obìnrin àlejò kan tó jókòó níwájú mi bi òṣìṣẹ́ tó ń kọjá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà tún gbólóhùn kan náà sọ ní eré kan náà, ó kàn gbé ohùn sókè ni. Mo yíjú sí òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní iná tó ń darí ọkọ̀ ló bàjẹ́, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun náà gbọ́, pé ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí là mí lójú ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ. Ọmọ onílẹ̀ kò fi etí nìkan gbọ́. Ó ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Etí Yorùbá tún ní ẹrù tirẹ̀ láti rù. Sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn lédè wa, a sì ń retí gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi agbára pe sílébù kan, á sì fọ́ àwọn yòókù pọ̀ títí ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí ìwé kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, "what do you want to do", yóò fi di "wọ́jawọnadù" lẹ́nu ẹni tó ń kánjú. (Àwa náà kò mọ́ nínú ẹ̀ o, ẹni tó bá fi ìwé kọ́ Yorùbá yóò sunkún níbi "kílódé", ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gé fáwẹ̀lì, ohùn rẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́kù.) Ilé iṣẹ́ rédíò Voice of America ti mọ èyí tipẹ́: ní ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn kan ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò ju nǹkan bíi 1,500 lọ, ìròyìn náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di ti ọmọdé.

Ní ilé àlejò tí mo dé sí ní Newcastle, onílé sọ fún èmi àti ará Jámánì kan pé oúnjẹ àárọ̀ yóò wà nílẹ̀ ní "half seven". Agogo méje ààbọ̀ ló ń wí. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní àsìkò náà, ará Jámánì ti jókòó ti tábìlì láti agogo mẹ́fà ààbọ̀, nítorí bí wọ́n ti ń ka agogo lédè tirẹ̀ nìyẹn, ààbọ̀ tó ń lọ sí méje. Onílé ń bẹ̀ ẹ́ ṣáá, òun náà ń bẹ onílé, kò sì sí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú wọn.

Ìlú Glasgow ní Scotland ni gbogbo ènìyàn ti fi dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní bí mo bá dé ibẹ̀, kí n gbàgbé pé mo lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan tí mo bi ní ọ̀nà ní ibùdókọ̀ pe "r" gbogbo ọ̀rọ̀ jáde ketekete, èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti máa ń jẹ run níparí ọ̀rọ̀, fáwẹ̀lì "go" àti "day" lẹ́nu rẹ̀ sì gún régé bí "o" àti "e" tiwa, wọn kò lọ́ kiri. Ó tọ́ka sí títì, ó dúró, ó wo ojú mi, ó tún tọ́ka sí èkejì. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Mo dúpẹ́, bàbá náà sì yíjú padà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó láti parí ọ̀rọ̀ tí mo já lù, n kò sì gbọ́ ẹyọ gbólóhùn kan mọ́.