Ibi tí Mọ́mì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣèlérí pé màá mú Mọ́mì lọ sí Liverpool. Láti Manchester tí à ń gbé, kò tó wákàtí kan nínú tíréènì, àmọ́ ẹ mọ bí iṣẹ́ ìlú yìí ṣe rí, ẹ máa ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á di ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ní 2023, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi ní, "Ṣé ọdún yìí náà lo tún fẹ́ fi tàn mí?" Ó tán. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Èmi ti to gbogbo ibi tí a máa dé sínú fóònù mi o: Albert Dock, mùsíọ́ọ̀mù, ère àwọn Beatles torí ọmọ mi ọkùnrin, kí a wá fi fẹ́rì kádìí ẹ̀. Mọ́mì ò ka ìkankan kún nínú ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ rí, ibi tí Aureol já wọn sí ní October 1964.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Aureol, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè. Ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni, funfun báláú, 1951 ló bẹ̀rẹ̀ sí ná Liverpool sí Èkó, ó máa ń yà ní Freetown àti Ghana, bíi ọjọ́ 13 lórí omi. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó di ti tẹrútọmọ, àwọn ọkọ̀ báyẹn ló kó àwọn lọ́yà, dókítà, nọ́ọ̀sì wa wá sí ìlú òyìnbó. Ọmọ 20 ọdún ni Mọ́mì nígbà yẹn, wọ́n ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọn ò tíì sùn ju Ìbàdàn lọ rí kúrò nílé bàbá wọn.

A kọ́kọ́ dé Albert Dock. Ibẹ̀ rẹwà, mi ò ní parọ́. Ilé ìkẹ́rù ni tẹ́lẹ̀, ọdún 1846 ni ọkọ Ọbabìnrin Victoria wá ṣí i, bíríkì, irin àti òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ látòkè délẹ̀, wọn ò jẹ́ kí igi gbé ilé náà ró torí ìbẹ̀rù iná, torí òwú, tábà, ọtí àti ṣúgà ló ń kún inú ẹ̀. Ní 1972 wọ́n tì í pa pátápátá, ẹrẹ̀ ń kún ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Báyìí kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, iye tí wọ́n ń ta ife kan, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ ṣọ́ra fún àwọn òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ o, orúnkún Mọ́mì sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Ní etí odò, wọ́n fi ṣéènì ṣe ọgbà kí èèyàn má baà já sómi, àgádágodo sì kún ara ṣéènì náà bí èso, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, orúkọ ọkùnrin àti obìnrin lára wọn. Mọ́mì ní kí ni gbogbo èyí. Mo ní àwọn olólùfẹ́ ni, wọ́n á tì í tán wọ́n á ju kọ́kọ́rọ́ sínú odò. Wọ́n wò ó títí. "Ẹni tó bá wá fẹ́ kọ ọkọ ńkọ́?" Mi ò lésì.

Mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sọ ìtàn òwò ẹrú wà níbẹ̀ náà, àjà kẹta, 2007 ni wọ́n ṣí i, ọ̀fẹ́ ni nígbà tí a lọ, àmọ́ wọ́n ti tì í fún àtúnṣe láti 2025. Mi ò fẹ́ kí Mọ́mì wọlé, mo rò pé á rẹ̀ wọ́n, àwọn gan-an ló ṣíwájú. Bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ èèyàn ni ọkọ̀ Liverpool kó kọjá òkun, inú odò tí à ń wò láti ojú fèrèsé yẹn ni àwọn ọkọ̀ náà ti ń gbéra. Wọ́n kọ́ agboolé àwọn Ìgbò kan síbẹ̀ kí èèyàn lè rí bí ilé ṣe rí kí wọ́n tó kó wọn, ọmọ mi wọ ibẹ̀ ó jáde, ó tún wọ ibẹ̀. Mọ́mì ti dúró síwájú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní tiwọn. Nígbà tó pẹ́ wọ́n ní, "Bàbá mi ta kòkó kí wọ́n tó rówó ọkọ̀ mi san." Kò sóhun tí wọ́n tún sọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n wá ìjókòó, wọ́n jókòó.

Ìta la ti jẹun ọ̀sán, ẹja díndín àti chips, kí n tó ṣíjú báyìí ẹyẹ òkun kan já ti ọmọ mi gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé chips, ó gbé bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn! Ẹran ara ẹyẹ wọn níbẹ̀ tó ti adìẹ àgbébọ̀, wọn ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ibi tí a ti ń rìn lọ sí Pier Head, níbi tí wọ́n ti ń wọ fẹ́rì, ni Mọ́mì ti dá nǹkan kan mọ̀ fúnra wọn. Ilé gíga kan wà níbẹ̀ láti 1911, ẹyẹ ńlá méjì ló bà lé orí ẹ̀, mo pe orúkọ ilé náà bí ẹni ń pe ẹ̀dọ̀ lédè òyìnbó, Mọ́mì ní, "Láífà! Láífà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹyẹ yẹn la kọ́kọ́ rí látinú ọkọ̀." Ọ̀kan kọjú sí òkun, ọ̀kan kọjú sí ìlú. Àwọn ará Liverpool máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fò lọ ni ìlú bàjẹ́.

Mo rò pé a ti débẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. A rìn dé Princes Dock, ibi tó yẹ kó jẹ́, òtẹ́ẹ̀lì ni, ọ́fíìsì ni, ibùdó ọkọ̀ ìgbafẹ́ àwọn òyìnbó wà níbẹ̀. Ibùdó rélùwéè Riverside, níbi tí Mọ́mì ti wọ tíréènì lọ sí London lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ti pa á láti 1971. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Aureol náà kó kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton. Mọ́mì ń wò yán-án-yán-án. Wọ́n ní ibì kan báyìí ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dúró sí, ọ̀kan ṣí agolo gàárì tí ìyá wọn dì fún wọn, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó bi wọ́n bóyá sìmẹ́ńtì ni. Wọ́n ní oúnjẹ ni. Ó wò wọ́n látòkè délẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àpótí wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ.

"Inú mi dùn pé mo ti dórí ilẹ̀," ni Mọ́mì wí, "àṣé ilẹ̀ náà ń mì. Mo di irin mú. Mo rò pé òyì ọkọ̀ ni."

Mo kàn ń ṣe hẹn hẹn ni, torí aago mẹ́rin ti ń lù, fẹ́rì ọ̀hún ò dè wá. A padà sí Pier Head. Omi odò Mersey yìí, ó lè fi bíi mítà 10 lọ sókè sódò láàárín kíkún àti fífà, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọ́ èbúté fẹ́rì mọ́lẹ̀, orí omi ló ń léfòó sí, afárá irin kan ló so ó mọ́ ilẹ̀. Omi ti fà lọ́jọ́ yẹn, afárá náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo di Mọ́mì lápá mú, a ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi ti sáré lọ síwájú.

Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe kan èbúté yẹn báyìí, wọ́n dúró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n tún un gbé kalẹ̀.

"Ó ń mì," wọ́n ní. "Ìwọ ọmọ yìí, ó ń mì! Bó ṣe rí nìyí!"

Kì í ṣe ibẹ̀ gan-an o, èbúté ti ìgbà náà ti lọ, a sì ti kúrò níbi tó wà dáadáa, mo fẹ́ sọ ọ́, mo gbé e mì. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá wọ ọkọ̀. Ọkùnrin tó di okùn ọkọ̀ mú juwọ́ sí wa pé ṣé kò sí, Mọ́mì fi Yorùbá dá a lóhùn bí ẹni pé ará Ìbàdàn ni, "Ẹ máa lọ, ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúró ná."

Ó tú okùn. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ń bẹ lọ́wọ́ mi.