Ta Ló Tọ̀ Sínú Korobá?

Nígbà tí ìyá mi ti Abẹ́òkúta wá kí wa ní Houston, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà mọ́ ọmọkùnrin mi lọ́wọ́ ni ìtọ́jú ẹja rẹ̀. Ọmọ náà ń sin ẹja aláwọ̀ wúrà méjì nínú àpótí gíláàsì, ó sì ní ìwé tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo omi tó bá pààrọ̀ fún wọn. Lójú Màmá, eré ọmọdé lásán ni, nítorí pé àwọn ti sin ẹja àrọ̀ fún ọdún gbọọrọ nínú kòtò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, wọ́n sì ti tà á fún àwọn oníṣòwò ẹja yíyan. (Mi ò sọ fún wọn pé ẹja àrọ̀ lè yọjú sókè mí afẹ́fẹ́ bí omi bá bàjẹ́, ohun tí ẹja inú gíláàsì kò lè ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀.)

Ìlànà Màmá kò le: ẹ pọn omi ẹ̀rọ sínú korobá, ẹ má dé e, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí òórùn oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ. Wọ́n gbé korobá náà sí ilé ìwẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ mi, tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìdán an wò, bu omi náà sínú ìgò tín-ín-rín kan títí ó fi kan ìlà 5 ml, ó kán oògùn sí i láti inú ìgò méjì, ẹ̀kán 8 láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mì í, ó sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Bí omi kò bá ní amóníà, àwọ̀ ìyeyè ni yóò mú. Àwọ̀ ewé ni tiwa mú.

Màmá béèrè ohun tó ń jẹ́ amóníà. Mo ní ohun tí ẹja ń tú dànù láti ara rẹ̀ ni, òun náà ló sì ń ta síni nímú nílé ìtọ̀. Màmá wo korobá, wọ́n wo àpótí gíláàsì.

“Ṣé ẹja kankan wọ inú korobá yìí?”

“Rárá, mà.”

“Ó dáa. Ta ló tọ̀ sí i?”

Ọmọ mi ní òun kọ́. Màmá ní àwọn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru. Ó ní ilé ìwẹ̀ ni òun ń lọ. Màmá ní níbo ni korobá wà? Ẹnu rẹ̀ pa dé. Wọ́n tún wo ilẹ̀kùn yàrá ọkọ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi àna rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ọmọ náà kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó ṣan ìgò rẹ̀, ó lọ gbe omi lẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìdáná lójú gbogbo wa, ó kán oògùn sí i, ó sì fi aago lé Màmá lọ́wọ́ kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú fúnra wọn. Nígbà tí àkókò pé, omi náà ti di àwọ̀ ewé.

“Inú ẹ̀rọ ló ti wá?” ni Màmá wí. “Ta wá ló lọ tọ̀ sí i níbẹ̀?”

Ó di dandan kí n ṣàlàyé pé àwọn tó ń pèsè omi ìlú ló ń mọ̀ọ́mọ̀ po amóníà pọ̀ mọ́ klóríìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, kó lè di klórámíìnì, èyí tí kì í tètè fò lọ, tí yóò sì máa pa kòkòrò nínú páìpù títí omi yóò fi dé ilé tó jìnnà jù. Klóríìnì nìkan ni ìlànà korobá Màmá lè lé kúrò nínú omi. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí klórámíìnì tó 4 mg nínú lítà omi kan, nítorí pé ikùn wa ń tú u ká kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ibi tí ẹja fi ń mí ló ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tààrà, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn kíndìnrín. Ọmọ mi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ní oògùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń dà sómi ẹja a máa pa klóríìnì inú klórámíìnì nìkan, a sì fi amóníà sílẹ̀. Nítorí náà ni òun ṣe ń ra èyí tó ń de amóníà pa pọ̀, tí òun kì í sì í pààrọ̀ omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí kòkòrò àìfojúrí inú àsẹ́ lè ráyè jẹ ìyókù.

Màmá kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Àjàní, wọ́n sì bu ẹran mẹ́ta sí oúnjẹ rẹ̀. Láti ìgbà náà, omi inú ike nìkan ni wọ́n ń mu. Ọkọ mi, tí kò mọ̀ pé òun ti fìgbà kan jẹ́ afurasí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣì ń béèrè ìdí tí a fi ń ra omi tó báyìí nígbà tí ẹ̀rọ wà nílé.