Ọdún Tí Àbúrò Mi Fi Tẹníìsì Sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń lọ sópin, mo máa ń to oṣù lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣílé, ohun tí ojú wa rí lọ́jà àdìrẹ ní Ìtokú. Tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kejì, mi ò rántí. Ohun kan ṣoṣo ló gba gbogbo 2025 mọ́ mi lọ́wọ́: àbúrò mi fi tẹníìsì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Oṣù Kẹrin ni, ní Monastir, lórílẹ̀-èdè Tùnísíà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, torí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn láti Sápọ́n dé Pánṣẹ́kẹ́, èyí tó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé, “Ọmọ yẹn ò kúkú ṣe é já.”

Ó ṣe é. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Bí èèyàn bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń fi tẹníìsì jẹun, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: “Ṣé ó ti dé Wimbledon?” Mi ò kì í bá wọn jà. Òkè téńté ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn wá. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ni àwọn ìdíje Challenger wà, nísàlẹ̀ ìyẹn ni ti ITF, àjọ tẹníìsì àgbáyé, wà, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó fi tẹníìsì ṣiṣẹ́ ti ń lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní M15 ni àbúrò mi mọ̀ jù. Gbogbo owó tó wà nínú ìdíje M15 kan ò ju 15,000 dọ́là lọ, gbogbo wọn ló sì máa pín in. Ẹni tó bá gba ife á mú 2,160 dọ́là. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́ á mú 156, owó orí ò tíì kúrò níbẹ̀ o. Nínú 156 yìí lo ti máa sanwó òtẹ́ẹ̀lì, tí wàá jẹun, tí wàá ra okùn rákẹ́ẹ̀tì, tí wàá sì tún wọ báálù lọ sí ìlú tó kàn. Ti póìǹtì náà tún wà lọ́tọ̀. O gbọ́dọ̀ borí ní ìpele àkọ́kọ́ kí o tó rí ẹyọ kan nínú póìǹtì ATP, èyí tí wọ́n fi ń to àwọn ọkùnrin tó ń gbá tẹníìsì sípò lágbàáyé, tí ọ̀sẹ̀ 52 bá sì ti pé, póìǹtì yẹn á já bọ́, wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta, ti Èkó àti Abùjá ló sún mọ́ ọn, àwọn yẹn kì í sì í wáyé lemọ́lemọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń dà lọ sí Monastir, níbi tí M15 ti máa ń wáyé ní nǹkan bí gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ọmọkùnrin kan láti Ìtokú wà nínú irú ayé yìí, ó ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, ó ń fọ aṣọ ara ẹ̀ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn tó ní kóòṣì àti dókítà tiwọn, ó sì ń borí wọn nígbà míì. Iṣẹ́ gidi ni. Mi ò mọ orúkọ míì tí èèyàn lè pè é.

Bàbá wa ló kó o wọlé. Ẹ̀yin àgbà inú wa mọ̀ ọ́n sí Bàbá Máàkà, torí iṣẹ́ máàkà, ìyẹn ẹni tó ń bá àwọn èèyàn gbá tẹníìsì, ni wọ́n ṣe ní kọ́ọ̀tù títí wọ́n fi darúgbó. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa bọ́ọ̀lù ní kọ́ọ̀tù Oníkan, ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ti rí Arthur Ashe, ìlúmọ̀ọ́ká tẹníìsì ọmọ Amẹ́ríkà, lójúkojú ní 1976. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún yẹn: ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ọjọ́ 13 ni wọ́n pa Murtala, olórí orílẹ̀-èdè, tí Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta tiwa, fi bọ́ sórí oyè. Àwọn ìlúmọ̀ọ́ká tẹníìsì wà l'Ékòó fún ìdíje lásìkò náà gan-an. Ashe àti Jeff Borowiak ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ni àwọn ṣọ́jà bá ya wọ kọ́ọ̀tù, wọ́n lé àwọn agbábọ́ọ̀lù lé àwọn òǹwòran, wọ́n ní ìlú ń ṣọ̀fọ̀, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá ní àwọn sáré, ṣùgbọ́n àwọn ò ju bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ àwọn sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn wà nílé wa títí dòní. Màmá ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé ojú àwọn báyìí ni wọ́n ṣe rà á ní Lafẹ́ńwá.

Orúkọ kejì tí kì í kúrò lẹ́nu Bàbá ni ti Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tó gbá tẹníìsì. Òun náà ṣa bọ́ọ̀lù l'Ékòó, kí ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó tó mú un mọ́ra, tó fi di ọmọ Yunifásítì Houston. Ní Wimbledon 1983, Guillermo Vilas, ẹni tí wọ́n tò sípò kẹrin nínú ìdíje náà, kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ẹ̀. Odizor gba mẹ́ta tó kù, ó sì rìn dé ìpele kẹrin. Nígbà tó di 1984, ó ti gòkè dé ipò 52 lágbàáyé. Bàbá á máa sọ ìtàn yìí nídìí oúnjẹ títí láfún á fi tutù pátápátá níwájú wọn. Bí àbúrò mi bá sì béèrè pé, “Bàbá, báwo ló ṣe gba sẹ́ẹ̀tì kẹta?”, wọn á dìde, wọn á gbé ṣíbí sókè, wọn á fi bakíhandì hàn án.

Ẹ mọ̀ pé Bàbá ò sí mọ́. Ọdún kejì nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ tí àbúrò mi délé, mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní yàrá wọn, mi ò sì wọlé lọ bá a.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti férémù ògiri. Lọ́jọ́ tí orúkọ àbúrò mi kọ́kọ́ wọ ìwé tí ATP fi ń to ipò, Bàbá gba ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ lọ, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn tẹ ojú ewé náà jáde. Wọ́n gbé e sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó àwọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí wa gbọ́dọ̀ kà á. Orúkọ àbúrò mi nìkan kọ́ o, ti àwọn tó wà lókè ẹ̀ àti nísàlẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó yá, wọ́n ti há gbogbo wọn sórí, wọ́n á sì máa dárúkọ wọn nínú àdúrà ìdájí, wọ́n ní àwọn ọmọ tó jọ ń jìyà pọ̀ ni wọ́n. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan wà níbẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ kò rọrùn rárá, Bàbá sọ ọ́ di Ẹ̀gbá láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọdún àárín, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Físà ló dà á láàmú ju ìfarapa lọ. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan máa fi dá pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ padà, ìdíje ti parí, ẹni tó gba ife ti lọ sílé. Olówó kan sì wà tó ṣèlérí owó ìrìn àjò, tó bá a ya fọ́tò, tí fọ́tò náà kárí ìlú, tí owó ò dé. Màmá ta ẹrù kàm̀pálà tó yẹ kí wọ́n fi pawó. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo wo ìwé ọjà tí mo rí i.

Ọjọ́ Monastir yẹn wá ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn M15 kì í sí lórí tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ńbà là ń wò lórí fóònù: rẹfirí á tẹ póìǹtì síbẹ̀ lọ́hùn-ún, nọ́ńbà á yí lọ́wọ́ wa ní Ìtokú. O ò rí ojú ẹnikẹ́ni, o ò gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù. Mo gbé fóònù ti ẹrù àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń béèrè ṣáá pé, “Ó ti di mélòó?” Ó gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, 6–4. Ó pàdánù èkejì, 3–6. Nínú ìkẹta ó ti gba gémù márùn-ún, ẹnì kejì gba mẹ́rin, òun ló sì ń sáàfù. Nọ́ńbà di 40–30. Póìǹtì ẹyọ kan ló kù.

Nọ́ńbà yẹn dúró. Kò yí. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo gbé fóònù sókè, mo gbé e jáde síta. Oníbàárà kan ń béèrè iye aṣọ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Màmá ti dìde, wọ́n di etí ìró wọn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà tó máa yí, ó di 40–40. Láti ibẹ̀ ó di gémù márùn-ún sí márùn-ún, ó di mẹ́fà sí mẹ́fà, ó di tàíbrékì, gémù tí wọ́n fi ń já sẹ́ẹ̀tì tó bá dọ́gba, ó sì parí sí 7–5 nínú tàíbrékì náà, fún ẹnì kejì.

Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi pè. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ kú ìjókòó.”

Mo ní, “Kò burú, àbúrò mi. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó tó, Àǹtí mi. Inú ò bí mi o. Mo gbá a dáadáa lónìí, bí mo ṣe fẹ́ẹ́ gbá a gan-an nìyẹn. Ó tó.”

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki í ní oríkì ẹ̀ láti òkè délẹ̀, ti ìdílé bàbá àti tìdílé ìyá, ọmọ Lísàbi, wọ́n kì í títí owó fi tán lórí fóònù ẹ̀. Oníbàárà tó ń béèrè iye aṣọ sanwó láìná an.

Ó wọ báálù dé Èkó, ó bá rélùwéè dé ìbùdókọ̀ Láderin, mo lọ gbé e. Rákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti àpò kan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè oorun.

Lẹ́yìn náà ni oṣù Karùn-ún dé, Gateway Games, ìyẹn National Sports Festival tí Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò, sì dé pẹ̀lú ẹ̀. Láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 30 ni àwọn eléré ìdárayá láti gbogbo ìpínlẹ̀ fi kún Abẹ́òkúta, Kútò ò gba ẹsẹ̀. Mo rántí èyí tí a ṣe ní 2006, àmọ́ tọdún yìí pọ̀ jù ú lọ lójú mi. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa dun àbúrò mi láti rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nídìí iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin méjì kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta okùn rákẹ́ẹ̀tì wà nílé yìí. Ó wà. Ti Bàbá ni, ó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ lábẹ́ aṣọ. Irin gígùn kan wà lára ẹ̀ tí òkúta ìwọ̀n wà lórí ẹ̀. Ibi tí o bá sún ìwọ̀n náà dé ló máa sọ bí okùn ṣe máa le tó. Àbúrò mi ṣí aṣọ lórí ẹ̀, ó nu eruku, ó béèrè pé, “Kílò mélòó lẹ fẹ́?” Ọ̀kan ní 24.

Mo jókòó wò ó. Ó kọ́kọ́ ta àwọn òòró, mẹ́rìndínlógún, láti àárín síta. Lẹ́yìn náà ló ta ìbú, mọ́kàndínlógún, ó ń gba abẹ́ ọ̀kan, ó ń gba orí ìkejì, ìka ẹ̀ ń fa okùn sọ́tùn-ún sósì kí ó má baà jóná níbi tó ti ń ha ara wọn. Nígbà tó parí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú rákẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sétí. Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé ó ń wò wọ́n nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ràn. Kí ìdíje tó parí, àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ tí a ò gbọ́ èdè wọn ló ń sùn lórí àga wa tí wọ́n ń dúró de rákẹ́ẹ̀tì. Màmá ń ro láfún fún wọn lóru. Ẹnì kan láti òkè Ọya bu ewédú lé e, ó ní kí ni èyí, ó sì bu kún un.

Ibẹ̀ ni ohun tó ń ṣe báyìí ti jáde. Ó ń ta okùn rákẹ́ẹ̀tì fún àwọn ẹgbẹ́ eléré kan, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń fi òsì gbá a. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ kékeré ni, àbúrò mi náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹrù lé e lórí. Àwọn òbí ló ń bá sọ̀rọ̀, pé ọ̀nà yunifásítì ní Amẹ́ríkà wà: ọ̀nà tí Odizor gbà nìyẹn, ọ̀nà tí Oyinlomo Quadre, ọmọbìnrin Nàìjíríà, gbà náà nìyẹn, tó gbá tẹníìsì fún Florida International University. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tí ó ti rí i.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó padà wálé ní àlàáfíà ara àti ti ọkàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ fi owó ránṣẹ́ lọ́dún tí físà wọ́n wa, ẹ̀yin tí ẹ bá wa sìn Bàbá. Màmá, ẹ ṣeun. Ẹrù kàm̀pálà yẹn, a ti rà á padà.

Àwọn ọmọ á padà sí kọ́ọ̀tù ní Sátidé kejì oṣù Kínní. Bí rákẹ́ẹ̀tì tó ti já okùn bá wà nílé yín, ẹ bá wa gbé e wá sí Ìtokú. Ẹ má wulẹ̀ ra okùn, okùn wà nílẹ̀.